Ọjọ́ Tí A Gbálẹ̀ Ilé Obì

Ọyẹ́ ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, n kò rí igi ọsàn tó wà níwájú ilé wa gan-an. Ìkùukùu funfun ti bo gbogbo rẹ̀, à ń gbọ́ ariwo àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Ìkòròdú lójú títì, ṣùgbọ́n a kò rí wọn. Atẹ́gùn náà gbẹ, ó sì tutù, ó ń fa awọ ètè bí aṣọ tó há. Ní àárọ̀ mìíràn, ǹ bá ti wọ súwẹ́tà mi, ǹ bá jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná mi títí oòrùn yóò fi yọjú. Èmi kì í kánjú. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, bàtà ni màmá á kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò lè jókòó. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo bu ẹ̀kọ, n kò mu ún. Mo tún wọ yàrá lọ, mo ti ọwọ́ bọ àpò obì.

Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí obì ṣe dé yàrá tí mò ń sùn. Abúlé wa kò jìnnà sí Likosi, ẹ̀bá títì tó ti Ìkòròdú wọ Ṣàgámù. Obì gbàǹja ni iṣẹ́ àwa obìnrin ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin á ká a lóko, àwa la ó là á, tí a ó rẹ ẹ́ sómi kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀. Lẹ́yìn náà la ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, ká tó dì í sínú apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ewé gbòdògì sí. Àwọn oníṣòwò Ṣàgámù á wá rà á, wọ́n á kó o lọ sí òkè Ọya. Iṣẹ́ omi ni. Ẹni tí kò bá ní omi, kó má dé ìdí gbàǹja.

Ìjọba orílẹ̀-èdè kan lókè òkun ló kọ́ ilé obì fún ẹgbẹ́ wa. Kó tó dìgbà náà, abẹ́ igi la ti ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá ṣú, kálukú á gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sá. Wọ́n fi páànù bo ilé náà, wọ́n fi símẹ́ńtì dá ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n mọ táńkì ńlá kan sí igun rẹ̀ fún rírẹ obì, wọ́n sì to tábìlì onírin sí i. Wọ́n ní apá kìn-ín-ní nìyẹn. Bó bá wúlò fún wa, wọ́n á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn wọ táńkì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á kọ́kọ́ wá wò ó bóyá ti àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kò ṣiṣẹ́, kànga á gba ibòmíràn lọ.

Ọ̀dọ̀ kànga yẹn ni ọkàn mi wà. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni odò wa wà, ìyàwó ọmọ mi ló sì ń pọn omi tiwa. Lọ́dún tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú pẹ̀lú garawa lórí, oyún tó wà nínú rẹ̀ kò dúró. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Oyún mìíràn ti wà níbẹ̀ báyìí, ó ti yọ síta, mo sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Bí mo bá ní kó sọ garawa kalẹ̀, á ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ó lọ pọn ọ́n ni, màmá?" Orúnkún mi kò sì gbà mọ́. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n pe Àlàjá, alága ẹgbẹ́ wa, pé àwọn àlejò náà ń bọ̀. Ìdílé oníṣòwò obì ní Ṣàgámù ni wọ́n ti bí Àlàjá, ọkọ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ohùn rẹ̀ ga, ọwọ́ rẹ̀ sì là. Ó wọlé bá wa nínú ilé obì. Gbogbo wa wà nílẹ̀ lórí àpótí, obì rẹpẹtẹ láàárín wa, èèpo níhìn-ín, omi pípọ́n lọ́hùn-ún.

"Ẹ dìde o! Àwọn òyìnbó ń bọ̀ lọ́la! Ṣé inú ẹrẹ̀ yìí lẹ ó ti gbà wọ́n lálejò?"

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló burú nínú ẹrẹ̀. Èmi náà kò bi í. Bí àlejò bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ là ń kọ́kọ́ gbá. Ìyá mi a máa gbá a títí dé ìdí igi tí àlejò kò ní débẹ̀ láéláé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbálẹ̀. A ṣí ìdí táńkì, a da omi inú rẹ̀ nù, omi tí ìyàwó ọmọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọn láti odò. A fi ọṣẹ fọ inú rẹ̀. A fi kànrìnkàn ha símẹ́ńtì títí àwọ̀ obì fi ṣí kúrò lára rẹ̀. A kó àwọn àpótí wa pamọ́. A nu tábìlì, tí a kì í lò rárá nítorí pé ó ga. Ẹni tó bá dúró bó obì lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un. Àlàjá mú léèsì funfun kan láti ilé, ó tẹ́ ẹ lé e. Ẹnì kan tún já òdòdó sínú ife.

Obì ńkọ́? A rọ gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, èyí tí a ti bó àti èyí tí a kò tíì bó, a kó o sí yàrá mi nítorí pé òun ló súnmọ́ jù.

Ìyàwó ọmọ mi dúró ti àwọn àpò náà, ó gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀. "Màmá, obì yìí á gbóná o. Kò sí ewé, kò sí afẹ́fẹ́."

"Títí ọ̀sán ọ̀la ni," ni Àlàjá dá a lóhùn. "Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án."

Ẹni tó bá mọ obì mọ̀ pé ó ń mí. Bí a bá há a mọ́ inú àpò, á làágùn, ara rẹ̀ á gbóná, á sì dúdú bí ẹni iná jó. Bí mo bá sì tú u síta láàárọ̀ yẹn, ọyẹ́ á fà á gbẹ kó tó di ọ̀sán. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè jókòó. Àárọ̀ ni wọ́n ní àwọn àlejò ń bọ̀. Ìkùukùu ká, wọn kò dé. Oòrùn là, wọn kò dé. A wọ aṣọ tó dára, a tò sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé obì, eruku pupa ń bà lé wa lórí. Mo dìde, mo lọ wo obì, mo padà. Mo tún dìde.

"Màmá, ẹ jókòó," ni ẹnì kan wí. "Ẹ̀ ń kó oòyì bá wa."

"Ṣé ìgbẹ́ ń gbọ̀n wọ́n ni?" ni Àlàjá bi ìyàwó ọmọ mi, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo tún dìde.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé, òjìji ti kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọkùnrin òyìnbó kan ni, obìnrin òyìnbó kan, àti ọmọbìnrin Yorùbá tó ń túmọ̀ èdè fún wọn, tó wọ ṣòkòtò tó sì kúnlẹ̀ kí wa bí ọmọ tí a kọ́. Ó bẹ̀ wá pé ká má bínú, pé Ìlárá ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí.

Àlàjá sọ ọ́ sí mi létí. "Kí ni wọ́n ń wá ní Ìlárá? Wọn kò kọ́ nǹkan kan fún àwọn ará Ìlárá."

"Bóyá wọ́n ṣìnà ni."

A rò pé wọ́n á jókòó, ká kọrin fún wọn, ká dúpẹ́, kí wọ́n ya fọ́tò. Rárá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀. Ojú wa kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí wọ́n ń yà wá sọ́tọ̀," ni ẹnì kan ń kùn, "bí àwọn tí ewúrẹ́ sọnù láàárín wọn?"

Àlàjá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo wa sọ. Ó dára, a dúpẹ́. Ó parí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Ó kàn mí. Abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n ti bi mí. Ọkùnrin náà ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, ọmọbìnrin náà sì ń túmọ̀ rẹ̀.

"Màmá, kí ni kò dára nínú ilé tí wọ́n kọ́ yìí?"

Mo rí tábìlì lọ́kàn mi. "Gbogbo rẹ̀ ló dára."

"Ṣé ẹ ń lo àwọn tábìlì náà?"

"À ń lò wọ́n dáadáa."

"Ká ní wọn kò kọ́ ọ rárá, báwo ni ì bá ṣe rí fún yín?"

"À bá ṣì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wò mí bí ẹni tí kò tíì rí ohun tó ń wá. Èmi ń wo ojú fèrèsé yàrá mi. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo fẹ́ mumi. Mo dé yàrá, mo ti ọwọ́ bọ àpò. Gbígbóná rẹ̀ ti lé sí i.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti wọ inú ilé obì. Obìnrin òyìnbó náà gbé etí léèsì sókè, ó wo tábìlì tó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa símẹ́ńtì. Ó na ọwọ́ sínú táńkì. Ó gbẹ fúrúfúrú.

"Ìgbà wo lẹ ṣiṣẹ́ níbí gbẹ̀yìn?"

"Ojoojúmọ́!" ni gbogbo wa dáhùn pọ̀.

"Obì dà?"

Ọ̀rọ̀ dé ilé Àlàjá wàyí. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀bùn wọn lérè. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ó ti tà tán! Láti ìgbà tí ẹ ti kọ́ ilé yìí, obì kì í dúró dè wá mọ́!"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mo la ẹnu pé kí n sọ pé obì wà ní yàrá mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ já alága wa nírọ́ níwájú àlejò? Àti yàrá mi, tí àpò tó ń làágùn wà lórí ibùsùn, tí òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀? Mo yí padà, mo gba ìdí ìkòkò omi lọ.

Ọmọbìnrin ògbufọ̀ náà tẹ̀lé mi wá bu omi mu. Ó mu ún tán, kò tètè lọ.

"Màmá, n kò lè sọ ohun tí wọ́n máa kọ. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo lè sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún yín." Ó ní àwọn aráàlú òkè òkun lọ́hùn-ún ló ń san owó orí tí wọ́n fi kọ́lé fún wa, wọ́n sì máa ń bi ìjọba wọn pé kí ni owó náà ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi rán ẹni tó kọ́ ọ wá. Àjèjì ni wọ́n ń rán, kó má bàa gbè sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ní ọpẹ́ dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kọ́ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ojú ibi tí ènìyàn ti jókòó títí tó fi dán, ojú ibi tí omi ti ṣàn, èyí tó bàjẹ́ àti ohun tí ẹ fi dípò rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń wá.

"Bí ẹ bá ní nǹkan kan kò wúlò, wọn kì í bínú, màmá. Wọ́n á mọ èyí tí wọn kò ní ṣe mọ́ níbòmíràn. Ẹni tí kò bá rí àmì iṣẹ́ ni kò ní lè kọ pé iṣẹ́ wà."

"Ìlárá ńkọ́?"

"Wọn kò fún àwọn yẹn ní nǹkan kan. Ìdí tí wọ́n fi lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà nìyẹn."

Ìyẹn yé mi ju ìyókù lọ. Nígbà tí ewé gbòdògì wọ́n, tí ẹnì kan ní ká fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo obì, a kò fi bo gbogbo rẹ̀. A bo apẹ̀rẹ̀ kan, a fi gbòdògì bo èkejì bí a ti ń ṣe, a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a wò ó. Ìlárá ni apẹ̀rẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn. Àwa ni apẹ̀rẹ̀ kejì. Nígbà tí wọ́n sì ṣí tiwa, òfìfo ni wọ́n bá.

Mo ní kí ọmọbìnrin náà bá mi fi nọ́ńbà rẹ̀ sí fóònù. Ó ní Ṣàgámù ni àwọn máa sùn, àwọn á gba ojú títì wa yìí kọjá sí Èkó tó bá di ọ̀la.

Ọkọ̀ wọn kò tíì kúrò lábúlé tí mo ti já àpò àkọ́kọ́. Ooru gbà mí lójú. Àwọn tó wà láàárín ti dúdú, wọ́n rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Àwọn obìnrin rọ́ wọlé, kálukú ń tú, kálukú ń kígbe. Mo sọ ohun tí ọmọbìnrin náà wí.

"Ẹ jẹ́ ká kó o padà sílé obì, ká pè wọ́n."

Ojú Àlàjá pọ́n. "Kí wọ́n wá bá ìdọ̀tí? Lẹ́yìn tí mo ti ní ó tà? Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ lójú òyìnbó ni?"

"Gbogbo wa la jọ sọ ọ́, Àlàjá. Èmi náà sọ pé à ń lo tábìlì."

"Ọpẹ́ la dú. Ta ló ń dúpẹ́ tó ń ka àléébù?"

Ó bínú lọ sílé. Àwọn tó kù ń jiyàn lọ. Ibi tí a ti ń jiyàn náà ni mo ti gbọ́ ìró irin. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó ọmọ mi ti gbé garawa lórí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí odò. Táńkì ti gbẹ, ó sì yẹ ká rẹ obì tó kù kó má bàa bàjẹ́ tán. Mo pè é. Kò gbọ́, tàbí kò fẹ́ gbọ́. Mo dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí garawa, ìkejì lórí ikùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ, òkúta rẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Títí ó fi gòkè padà, n kò mí tán. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú, èmi náà kò kúrò lórí ìdúró. Omi kò tíì tó, a wá fi obì sílẹ̀ nínú àpò di àárọ̀, ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí.

Lọ́jọ́ kejì, kí ìkùukùu tó ká, mo pe ọmọbìnrin náà. Mo ní, "Ọmọ mi, obì kò tà. Yàrá mi ló wà, ìdajì rẹ̀ ti bàjẹ́. A kì í lo tábìlì yẹn, ó ga jù. Omi táńkì, a dà á nù nítorí yín ni. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà. Má sọ ìgbà tí ẹ ń bọ̀ fún wa."

"Màá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, màmá. N kò lè ṣèlérí pé wọ́n á yà o."

"Sọ ọ́ fún wọn ṣáá."

Mo wọ́ àwọn àpò náà jáde, mo da obì sórí símẹ́ńtì funfun náà, dáadáa pẹ̀lú bíbàjẹ́. Mo gbé àpótí mi, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ìyàwó ọmọ mi jókòó tì mí. Àwọn ìyókù ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kálukú gbé àpótí rẹ̀. Ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Àlàjá dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. Ó lọ fa léèsì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ká a, ó fi jókòó lórí àpótí.

"Bí wọ́n bá bi mí," ló wí, ó sì mú obì kan, "màá ní oníbàárà dá a padà ni."

Ẹ̀rín pa wá. A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ ọkọ̀ tó yà kúrò lójú títì, tó ń bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹnu ọ̀nà wa. N kò mọ̀ bóyá àwọn ni. Ìyàwó ọmọ mi ti na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sábẹ́ àpótí mi, mo jókòó lé e. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún. N kò dìde. Mo mú obì mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.